Ìyá Yìnyín Tẹ̀ Lé Ọdẹ Lọ Sígbó

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Yìnyín fi ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí lẹ́yìn èbúté. Bí oòrùn bá mú tí àwọn aláàárù ń bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, súwẹ́tà méjì ni òun máa ń wọ̀ léra wọn, á fi fìlà onírun bo etí, á wọ inú yàrá yìnyín lọ. Òun ló ń wo tẹmómítà ara ògiri, òun ló mọ páálí tó ti pẹ́ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ló sì ń rí i pé ilẹ̀kùn kò wà ní ṣíṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Kí awakọ̀ tó wá kó ẹja tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé ni á ti ké mọ́ ọn pé, "Ilẹ̀kùn o!" Àwọn awakọ̀ yìí ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ń fi pè é bí wọ́n bá fẹ́ ṣàwàdà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Fíríìjì kan ṣoṣo ló kù fún un láti ṣọ́, èyí tó wà ní kíṣìnnì, kò sì sẹ́ni tó rí ìsinmi nínú ilé mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ṣí i, tó dúró níwájú rẹ̀ tó ń ronú ohun tó fẹ́ mú, ohùn ìyàwó rẹ̀ á ti dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ìwé lẹ̀ ń kà níbẹ̀ ni?"

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́ èèyàn tí kì í jiyàn. Ohun tó máa ń gbé e kúrò nílé kò ju ọdẹ lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ìjọba bá ṣí igbó fún àwọn ọdẹ, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin á gba ìwé àṣẹ, wọ́n á wakọ̀ lọ sẹ́yìn òkè níbi tí kò sí iná mànàmáná, tí fóònù kì í sì í lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ni àbúrò yìí. Kò-sí-wàhálà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ táyà ló bẹ́, ìbáà jẹ́ òrùlé ló ń jò sí i lórí.

Àwọn méjèèjì mọ ìbọn yìn. Bí wọn yóò ṣe gbé ẹran délé ni wọn kò mọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n pa àgbọ̀nrín ńlá kan, wọ́n wé e sínú tapólì, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń kọrin bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n tú tapólì náà lójúde, obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì títì dìde, ó fọwọ́ bo imú, ó pa fèrèsé rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ sí, tí wọ́n sin ẹran náà. Ìyá Yìnyín dúró tì wọ́n, ó fọwọ́ kọ́ ìbàdí.

"Ẹranko tó ń jẹ koríko jẹ́jẹ́ ẹ̀," ó ní, "ẹ lọ gba ẹ̀mí ẹ̀, ẹ wá gbé e wálé wá sin. Ṣé ẹbí wa ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn ún, nítorí láti ìgbà tó ti dàgbà, iṣẹ́ kan tó mọ̀ ni pé kí oúnjẹ má bàjẹ́. Nígbà tí ọdún yípo, tí ọkọ rẹ̀ jókòó tó ń nu ìbọn, ó kàn sọ fún un pé, "Mò ń bá yín lọ."

"Lọ síbo?"

"Síbi tí ẹ̀ ń lọ."

"Ìyá wọn, inú igbó la ń lọ o! Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀."

"Yàrá tí mo ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ṣé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi múra. Ó kó gbogbo ike omi tó rí ládùúgbò jọ, ó rọ omi sí wọn, ó kó wọn sínú fírísà títí wọ́n fi dì bí òkúta. Inú ike ló ní kí yìnyín wà, kó má baà yọ́ sórí ẹran, torí ẹran tí omi bá rin kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó wá kúlà ńlá méjì, ó wá garawa onídèérí mẹ́ta, ó ṣẹ́ aṣọ funfun tó fọ̀ dáadáa, ó sì ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun. Inú ọkọ rẹ̀ dùn nígbà tó rí nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó hàn pé obìnrin náà rò tiwọn.

Wákàtí méje ni wọ́n fi rìn. Ọ̀nà ọlọ́dà parí, ó di erùpẹ̀. Erùpẹ̀ parí, ó di ipa táyà méjì láàárín koríko. Wọ́n wakọ̀ gba inú odò kékeré kan kọjá, omi rẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni wọ́n dé ibi tí wọ́n máa ń pàgọ́ sí, lábẹ́ àpáta ńlá. Kí àwọn ọkùnrin tó na ẹ̀yìn wọn tán, Ìyá Yìnyín ti gbé kúlà méjèèjì sábẹ́ ibòji, ó fi kúbùsù tútù bò wọ́n.

"Òfin kan ló wà," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí kúlà yìí títí ẹran á fi délẹ̀."

"Àǹtí wa, kò sí wàhálà," ni àbúrò ọkọ rẹ̀ fèsì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń se tíì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì dé, wọ́n fi igi gbọọrọ gbé àgbọ̀nrín kan láàárín, òógùn bò wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fẹ́ jókòó.

"Ta ló ní kí ẹ jókòó? Ẹ mú ọ̀bẹ! Ooru tó wà nínú ara ẹ̀ ló máa bà á jẹ́ kí oòrùn tó dé rárá."

Wọ́n yọ ìfun, wọ́n bó awọ. Ó fi igi kékeré ya ìhà ẹran náà sí méjì kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀, ó ní kí wọ́n so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó fi aṣọ funfun nù ún gbẹ bí ẹni ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó ta á bo ẹran láti òkè délẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ lanu. "Ìyá wọn, ṣebí àwa lo ra nẹ́ẹ̀tì yẹn fún?"

"Ṣé eṣinṣin ń yé ẹyin sí yín lára ni?"

Ó wá lọ ṣí kúlà. Bó ṣe fọwọ́ kan ike àkọ́kọ́, omi inú rẹ̀ mì, yìnyín ti yọ́. Ó mú òmíràn, omi ni. Láàárín àwọn ike náà, ó rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjìlá, mẹ́fà ti ṣófo. Ọrùn ìgò kan ló há mọ́ ìdérí, tí kò jẹ́ kó pa dé. Ó ṣí kúlà kejì, bákan náà ló rí. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Àǹtí wa, ẹyọ kan ni mo ní kí n fi síbẹ̀."

"Ẹyọ kan?"

"Òǹgbẹ ló ń gbẹ mí."

Ìyá Yìnyín kò pariwo. Ó da omi tíì sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé báyìí. Tí a bá yára, a ó délé kí ẹran tó bàjẹ́." Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti lọ wo ọ̀nà padà wá pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé itan. Òjò ti rọ̀ lórí òkè. Odò tó mọ ní kókósẹ̀ lánàá ti dé àyà, ó ń gbé igi lọ. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbà á kọjá títí di ọ̀la.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sórí òkúta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i tí kò sọ pé kò sí wàhálà.

"Sọ ọ́ náà kí ara wa balẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Yìnyín náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó mú tẹmómítà kékeré tó fi sápò wá láti ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àpáta ká. Ó fi í sábẹ́ igi, ó wò ó. Ó fi í sínú ihò òkúta, ó mi orí. Ẹ̀yìn àpáta ló ti gbọ́ ìró omi. Ìsun kékeré kan ń tú jáde lábẹ́ òkúta, níbi tí oòrùn kì í dé, ó sì kó jọ sínú kòtò tó jìn dé orúnkún. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ ń ta á bí ìgbà tó bá gbàgbé ìbọ̀wọ́ nínú yàrá yìnyín. Tẹmómítà sọ̀ kalẹ̀ dé mẹ́wàá, ó dúró.

"Ẹ kó garawa bọ̀!" ló ké.

Wọ́n gé ẹran itan àti ti ẹ̀yìn kúrò lára egungun, torí egungun ló máa ń pa ooru mọ́ jù. Wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n tò ó sínú garawa mẹ́ta, wọ́n dé wọn pinpin kí omi má wọlé, wọ́n gbé wọn sínú kòtò náà, wọ́n sì fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìhà àti apá rẹ̀ tó kù, wọ́n so ó rọ̀ sókè ìsun náà nínú nẹ́ẹ̀tì, níbi tí atẹ́gùn tútù ń gbà kọjá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló yan iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó ní òun ni yóò máa wo tẹmómítà. Ní wákàtí wákàtí ni ohùn rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn àpáta wá: "Mẹ́wàá o! Ó ṣì wà ní mẹ́wàá!" Ẹ̀fọn jẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n síbi oúnjẹ, ẹran nìkan ló sùn dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni odò fà. Wọ́n kó garawa tí wọ́n fi kúbùsù tútù wé àti ẹran inú nẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n kọjá. Ní ẹnu ọ̀nà igbó, aṣọ́gbó tó ń wo ìwé àṣẹ dá wọn dúró. Ọkùnrin náà ti ń fi ọwọ́ bo imú kó tó ṣí ìdérí. Ó ṣí i, ó tún sún imú rẹ̀ mọ́ ọn, ó fìka tẹ ẹran náà, ó sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé.

"Àná lẹ pa eléyìí?"

"Láàárọ̀ àná," ni káfíńtà dáhùn.

"Láìsí yìnyín? Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ìyàwó mi ni," ó wí, ó sì na àyà bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé yìnyín."

Àwọn ọmọ wọn wá sílé lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ, ó ṣẹ́kù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, aṣọ́gbó náà ránṣẹ́ sí i pé ṣé ó lè wá bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn kí wọ́n tó pín ìwé àṣẹ ọdún tuntun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Àwọn ọdẹ bí ogún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ wọn wà nínú àpò, ojú wọn ò yọ̀ mọ́ obìnrin tó dúró níwájú wọn pẹ̀lú garawa àti àpò nẹ́ẹ̀tì. Bàbá àgbà kan nínú wọn bi í bóyá ó ti yìnbọn rí.

"Mi ò yìn ín rí, Bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, mélòó nínú èyí tẹ́ ẹ ti pa lẹ jẹ?"

Bàbá náà ronú, ó ká ìka, ó tún un ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá Yìnyín ta nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igi tí wọ́n ń fi ya ìhà ẹran, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́rọ̀, nítorí olúkúlùkù fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ so nẹ́ẹ̀tì náà wò.