Ọwọ́ Mẹ́ta Nínú Omi Kan

Gbogbo àdúgbò ló mọ Alágbàfọ̀ sí obìnrin tí kì í fi aṣọ aláṣọ ṣeré. Nínú iyàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń kún orí okùn, òórùn ọṣẹ àti ooru irin ìlọṣọ á sì pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Bí aládùúgbò kan bá ń ṣàìsàn, òun ló ń gbé omi gbígbóná lọ, á máa bú ẹni náà pé kò tọ́jú ara rẹ̀ bó ṣe ń fún un mu.

Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kì í yìn ín délẹ̀. Màámi, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, ti kọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Bíbélì títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó dùn ún dé egungun pé ìyàwó ọmọ òun kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwà rẹ dára, mi ò lè purọ́," ni yóò wí. "Àmọ́ ìwà rere tí kò sí Olúwa níbẹ̀, omi inú agbọ̀n ni. Jíjò ni yóò jò tán."

"Ẹ ṣé, Màámi," ni Alágbàfọ̀ á dáhùn, kò ní gbójú kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀. "Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣé ó máa ń bi omi pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ ni?"

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tí kì í pẹ́ nílé, á rẹ́rìn-ín sínú ife tíì rẹ̀. Kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ni.

Àfi bí Màámi ṣe ṣubú lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Rọpárọsẹ̀ gba apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rọ́ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún, wọ́n sì padà lọ, torí oníkálukú ló ní ilé tirẹ̀. Ọkọ gba ọ̀nà iṣẹ́ lọ. Ó wá ku ìyàwó àti ìyá ọkọ.

Alágbàfọ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Pásítọ̀ wá kí wọn, ó ní, "Ìyá wa, áńgẹ́lì ni ìyàwó yín yìí o."

"Pásítọ̀, áńgẹ́lì kì í kùn," ni Alágbàfọ̀ fèsì. "Ẹ bi ògiri ilé ìdáná mi, yóò ròyìn fún yín."

Pásítọ̀ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ọkàn Alágbàfọ̀ ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tán, ó tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi. Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó, tíì inú rẹ̀ sì dà lé gbogbo aṣọ náà lórí.

"Ó ti sú mi!" Igbe náà ti jáde kó tó mọ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ lè di ife lásán mú! Ṣé wọ́n fi yín jẹ mí níyà ni?"

Ó yà lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ló dùn ún jù. Ó ti máa ń rò pé oore òun kò lópin, àṣé ó nísàlẹ̀, ó sì ti kan ìsàlẹ̀ ọ̀hún.

Nígbà tó padà wọlé, Màámi kò sí lórí àga. Ilẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù omi, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fọ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà. Ọṣẹ ti ta sí i nírun.

"Màámi! Ta ló gbé yín sọ̀kalẹ̀?"

"Mo fi ìdí wọ́ dé ibí ni."

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Màámi. Oore mi ló tán."

Ìyá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín. "Tìẹ ló tán. Ti Olúwa ṣì kù. Jókòó, kí n sọ nǹkan kan fún ọ."

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, torí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi kọ́ni pé Ọlọ́run gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí ọwọ́ ìyàwó òun ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun nínú ilé ìwẹ̀ ló tó wá sí òun lọ́kàn pé ẹnìkan ló wẹ ẹ̀yìn Jésù náà. Ìyá kan ló nu imú Rẹ̀.

"Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ gbà kí èèyàn ṣe Òun lóore," ó ní. "Èmi wá ń fojú kéré oore ọwọ́ rẹ. Ibo ni mo rò pé o ti ń pọn ọ́n wá? Odò kan ṣoṣo ló wà."

"Àmọ́ mi ò mọ odò náà, Màámi."

"Òun mọ̀ ẹ́."

Alágbàfọ̀ ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ báàfù, àwọn méjèèjì sì jọ ń fọ aṣọ, ọwọ́ mẹ́ta nínú omi kan.

Kò torí ìyẹn di ẹni mímọ́. Ó ṣì ń kùn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá ti fẹ́ gbẹ, yóò ní, "Màámi, ẹ gbàdúrà fún mi, ìbínú fẹ́ gbé mi lọ," Màámi á sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí.

Nígbà tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn, ó nílò èjìká tí yóò fara tì dé ṣọ́ọ̀ṣì. Alágbàfọ̀ ló ń mú un lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ìwàásù kì í sì í jìnnà kí oorun tó gbé Alágbàfọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan yíjú padà, ó fẹ́ jí i.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni Màámi wí, ó sì rọra fa orí ìyàwó rẹ̀ sáyà. "Ilé Bàbá rẹ̀ ló ti ń sùn."