Àpáta tí mo ń sá láfún sí

Ìkùukùu ti gbé gbogbo òkè Ìdànrè mì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò àná ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì ń kán lára páànù, òórùn ewé kòkó tútù sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo ń fẹ́ iná lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin jáde láti yàrá, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

"Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n máa ṣí nǹkan yẹn lọ́sàn-án òní, mo sì ti sọ fún wọn pé ó dáa. Kò dáa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yé mi, torí ìwé mi ò pọ̀. Àwọn kan lókè òkun a máa kọ àdéhùn owó sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti ṣí i fáráyé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbowó, tí yóò máa sanwó. Kò sí akápò tó lè ní kó dúró ná. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣí i, wọn a bẹ irú ọmọ yìí kó kà á láti òkè délẹ̀, kó wá ibi tí olè lè gbà wọlé. Kò ní ọ̀gá. Orúkọ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ní ń júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó pẹ́ tó ti ń fi sùúrù kọ́ orúkọ ọ̀hún, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo láti Àkúrẹ́ pé kó wá iṣẹ́ ọ́fíìsì.

"Kí lo wá rí?"

"Ó ń sanwó kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti san. Olè tó bá gbọ́n á máa padà wá gbà á títí àpò á fi gbẹ."

Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa, ìyá ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa sá láfún sí i. Orí rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi kì í ti í yọ mí lẹ́nu. A bọ́ bàtà gùn ún, torí àpáta tó mu òjò kì í mọ àgbà. Aládùúgbò mi tó ń gbá omi kúrò lórí tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ sá lónìí ni?"

"Òun náà tutù," mo dá a lóhùn.

Ọmọ yìí jókòó sínú ìkùukùu, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wéréwéré. Mo bi í pé, "Bí o bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé o ti rí i?"

"Kò sẹ́ni kankan, Màmá."

"Bí o bá sì sọ ọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á mọ̀ pé mo ṣàṣìṣe. Wọ́n lè má pè mí mọ́."

Kò gbójú sókè. Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì lọ bá wọn.

Ara mi bù máṣọ. Àwọn tó lowó yẹn, a ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ wá. Bóyá wọn ò tilẹ̀ gbọ́ Ìdànrè rí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù ló jókòó lórí àpáta láfún, tó ń ṣọ́lẹ̀kùn fún wọn, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dí ihò náà. Láti kékeré ni mo ti ń wo òkè. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó ga nílùú yìí.

Oòrùn ti ń ya ìkùukùu nígbà tí èsì dé. Wọ́n ti dá ṣíṣí rẹ̀ dúró. Wọ́n ní bí àwọn bá tún un ṣe tán, kó bá àwọn kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ mi gbórí lé orúnkún, ó sunkún. Àwọn yẹn kan náà ló ń júwe rẹ̀ kiri dòní, iṣẹ́ ò sì dá.

Ọjọ́ kejì mọ́ kedere, oòrùn láfún gan-an. Mo gbá àpáta mi mọ́, mo gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀ fún un, mo wá ru agbọ̀n láfún mi lọ bá aládùúgbò mi, pé kó fún mi ní igun kan lórí tirẹ̀.