Tántì Abímbọ́lá àti Àlejò Tó Gba "Wá Jẹun" Gbọ́

Tí ẹ bá dé Port-Bouët ní ìlú Abidjan, tí ẹ bèèrè ilé Tántì Abímbọ́lá, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ má bínú sí wọn. Èmi Ẹ̀rínọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, èmi gan-an ni olórí àwọn ẹlẹ́rìn-ín.

Obìnrin kúkúrú ni Tántì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó ti èèyàn mẹ́ta. Ọmọ Èjìgbò ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Abidjan nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín; ọkọ kú, Tántì ò padà sílé. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bí ẹ bá rí ọmọ ilé ìwé kan ní àdúgbò wa tí ojú rírán aṣọ rẹ̀ tọ́ bí ojú irin, Tántì ló rán an, èmi ló sì bú kó tó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni kò lè fara dà láyé yìí: kí èèyàn kọ oúnjẹ rẹ̀, àti kí èèyàn sọ pé oúnjẹ ò tó nílé rẹ̀. Ọlọ́run wá rán ọmọ kan sí i tó mú kí méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 2001 ni. Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé girama láti òkè òkun wá gbé nílé àwọn ẹbí níbí, kí wọ́n fi ọdún kan kàwé kí wọ́n sì mọ ìlú. Màdáàmù Micheline, ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ní Biétry, àdúgbò àwọn olówó, ló ń bá wọn wá ilé. Ó wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tántì ò jẹ́ kó parí.

"Yàrá Séraphin ṣófo. Ẹ mú ọmọ náà wá." Séraphin ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kàwé ní Cotonou.

Màdáàmù Micheline fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Mais, Tantie, ọmọ náà fẹ́ wá mọ Côte d'Ivoire ni. Ẹ̀yin, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà..."

"Ọmọ Nàìjíríà tó ti jẹ atiéké yín fún ogún ọdún," ni Tántì dá a lóhùn. Ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n ń sè níbí ni atiéké. "Ẹ gbọ́, Màdáàmù, ẹni tó ti ṣe àlejò rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Ẹ̀yin onílé, ẹ ti gbàgbé."

Màdáàmù gbà, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gún sí i. Ó ní òun á máa yọjú. Ó ní ìdílé kan wà ní Biétry tó ní klim nínú gbogbo yàrá, tí òtútù ń mú wọn nígbà tí ooru ń pa gbogbo ìlú, àwọn náà ń fẹ́ ọmọ yìí. Bí nǹkan ò bá rọgbọ lọ́dọ̀ Tántì, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Tántì ti sọ fún gbogbo ìjọ, ó ti sọ fún gbogbo ọjà. Bí wọ́n bá wá gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ojú wo ló fẹ́ fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Silke dé láti Jámánì, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ga bí òpó iná. Kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà wa, ó ní láti tẹrí ba. Tántì rò pé òun ló ń kí, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" Lójú ẹsẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọláolúwakìtán.

Mo ní, "Tántì, ṣé kò sí èyí tó kúrú?"

"Ọlá Olúwa kúrú rí?"

Gbogbo àgbàlá ń pè é ní Ọlá. Tántì nìkan ló ń pe gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, Silke fúnra rẹ̀ kò sì dé ìparí rẹ̀ rí kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ìdílé bíi mélòó kan ló yí àgbàlá wa ká, ìta ni gbogbo wa ti ń jẹun nítorí ooru. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń jẹun á rí ẹni tó ń kọjá, á ní, "Wá jẹun o." Ẹni tó ń kọjá á ní, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló kọ́ wa? Bí wọ́n ṣe bí wa la bá a.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Silke.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè é ni Bàbá Moufoutaou, arúgbó tó ti ṣọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ ní Vridi títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá ń jẹ fùfú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ní, "Ọlá, wá jẹun! Viens manger!" Silke rẹ́rìn-ín, ó ní, "Merci beaucoup!" Ó jókòó, ó fọwọ́, ó sì ki ọwọ́ bọ àwo. Ọwọ́ Bàbá dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ẹran kan péré ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn. Mo rí ibi tó gbà lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ràmúlátù tó ń ta àlókò, dòdò ti ibí, lẹ́nu géètì wa pè é, ó jókòó. Àwọn tọkọtaya tó wà nígun pè é, ó jókòó. Ó ń jẹ́ ìpè kiri àgbàlá bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an láti Jámánì nìyẹn. Bó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti yó. Á tọ́ ọbẹ̀ Tántì wò, á ní ó dùn gan-an, "C'est très bon, Màmá," á gbé e sílẹ̀. Tántì á wo àwo, á wò mí.

"Kí ló ṣe ọbẹ̀ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Tántì. Ó kàn pẹ́ kó tó débẹ̀ ni."

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú ilé, nínú ooru Abidjan! Bí Silke bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹ ó gbọ́ ilẹ̀kùn: gbà! gbà! gbà! Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ràmúlátù gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ohùn oyin sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Séraphin, ẹ kú ìtọ́jú àlejò o. Ọmọ òyìnbó yín yìí mà ń jẹun o! Ṣé ó ń rí jẹ nílé ṣá?"

Háà! Omi tí Tántì gbé wálé lọ́jọ́ yẹn, ó ti dà á tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀rínọlá! Pe ọmọ yẹn wá!"

Silke dé. Tántì ká ọwọ́ gúnwà. "Ọláolúwakìtán, gbọ́ mi. Bí wọ́n bá ní 'wá jẹun', o ò ní lọ. Wàá ní 'Á gba ibi ire.'"

"Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí, Màmá."

"Wọ́n pè ọ́, wọn ò pè ọ́."

"Kí ló dé tí wọ́n wá pè mí?"

"Tí wọn ò bá pè ọ́, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Tí mo bá lọ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni!"

Silke wo Tántì, ó wò mí. Èmi wo àjà. Ó gbà, ó ní, "D'accord."

Èmi ni wọ́n ní kó fi kọ́ra. Mo na búrẹ́dì sí i, mo ní wá jẹun. "Á gba ibi ire." Mo na ọsàn sí i. "Á gba ibi ire." Mo na ọṣẹ ìfọṣọ sí i. "Á gba ibi ire," ó sì tẹrí ba pẹ̀lú. Ọmọ náà pegedé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba gbogbo àgbàlá kọjá láì jókòó níbì kankan. Ilẹ̀kùn ṣí padà. Ràmúlátù pàápàá kí i kú iṣẹ́. Inú Tántì dùn débi tó fi lọ ra ẹja ńlá, ó dín in, ó fi ata lé e, ó gbé e sórí atiéké, ó wá ké láti ilé ìdáná:

"Ọláolúwakìtán! Wá jẹun!"

Silke gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí áńgẹ́lì. "Á gba ibi ire, Màmá."

Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Tántì rò pé ó ti jẹun ní ilé ìwé. Láàárọ̀, ó pè é: á gba ibi ire. Lálẹ́: á gba ibi ire. Tántì yí ọbẹ̀ padà. Ó fi ẹran sí i, ó yọ ata kúrò, ó tún se ànàmọ́ nítorí ó gbọ́ pé àwọn ará Jámánì fẹ́ràn nǹkan bẹ́ẹ̀. Á gba ibi ire! Èmi rò pé ìbáwí yẹn ló ṣì ń dùn ún. Tántì ní tirẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

"Kí ni mo fi sí i, Ẹ̀rínọlá? Ṣé mo fi májèlé sí i ni? Mo gbàlejò, àlejò ò gbà mí."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín jẹ ẹ́, Tántì, kó má bàa bàjẹ́."

Ó ju ṣíbí lù mí.

Lọ́sàn-án Sátidé, gbogbo àgbàlá wà níta, wọ́n ń jẹun. Màdáàmù Micheline wọlé láì ránṣẹ́ ṣáájú, ojú rẹ̀ le.

"Tantie, ọmọ náà ń rù. Olùkọ́ rẹ̀ ní búrẹ́dì gbígbẹ ló ń jẹ lójoojúmọ́. Wọ́n tún ní kó tó dìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ló ti ń wá oúnjẹ. Mo ti bá àwọn ti Biétry sọ̀rọ̀. Kó lọ di ẹrù rẹ̀."

Ohùn èèyàn mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó lọ. Tántì yíjú sí ọmọ náà. "Silke," ló pè é, orúkọ tí kò pè rí, "ṣé mo febi pa ọ́?"

"Rárá, Màmá," ni Silke wí. "Ẹ ń pè mí lójoojúmọ́. Èmi náà ń dáhùn bí ẹ ṣe kọ́ mi. N kò fẹ́ hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́."

Tántì lanu. Èmi fi ìró bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Kí lẹ kọ́ ọ?" ni Màdáàmù bèèrè.

Wàhálà dé. Bí Tántì bá fẹ́ ṣàlàyé, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete, níwájú gbogbo àgbàlá pẹ̀lú àwo wọn lọ́wọ́, pé ìpè wọn, ẹnu lásán ni. Ó ti bú tọmọdé tàgbà nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọmọ ń lọ sí Biétry. Ó wo Bàbá Moufoutaou. Ó yíjú, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé atiéké àti ẹja jáde. Ó fa àpótí méjì, ó fa Silke lọ́wọ́ jókòó sórí ọ̀kan. Ó yọ egungun ẹja, ó fi ẹran rẹ̀ sí ọmọ náà lọ́wọ́.

"N kò ní pè ọ́ mọ́ láé nínú ilé yìí," ló wí. "Àlejò là ń pè. Ọmọ ilé, àwo rẹ̀ ló ń dúró dè é. Jẹun, jàre, o ti fẹ́ pa mí."

Silke jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nígbà tó mí, ó bèèrè pé, "Bàbá ńkọ́? Ṣé Bàbá náà, wọ́n pè mí, wọn ò pè mí?"

Gbogbo ọwọ́ dúró nínú àwo. Bàbá Moufoutaou fọwọ́ nu ẹnu.

"Èmi? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu lásán ni. Ẹran mi yẹn ṣì ń dùn mí." Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó o ti ń kọjá lára mi, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Gbọ́, ọmọ mi: máa wo ìdí mi. Bí mo bá pè ọ́ tí mo sún lórí bẹ́ǹṣì, òótọ́ ni. Bí n kò bá sún, á gba ibi ire."

Màdáàmù Micheline ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìyá ìyá òun náà ṣe ń ṣe lábúlé nìyẹn. Ògiri ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè pe ara wọn ní Biétry. Ó ní òun á sọ fún àwọn oní-klim pé kí wọ́n máa gbádùn òtútù wọn. Tántì mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì padà dé. Ohun àkọ́kọ́ tó fi ṣe ni pé ó fi bú mi pé kí ni mò ń rín.

Màdáàmù wá ń lọ. Ó kọjá níwájú Ràmúlátù tó ń jẹ àlókò lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀. "Màdáàmù, ẹ wá jẹun o!" ni Ràmúlátù wí.

Màdáàmù dúró. Kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó wo Silke.

Silke tẹ̀ síwájú, ó wo Ràmúlátù, ó wo bẹ́ǹṣì rẹ̀ dáadáa. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, sókè, kedere: "Kò sún."

Yéè! Àgbàlá dàrú. Bàbá Moufoutaou húkọ́. Ràmúlátù sún, ó sún, ó sún títí ó fi kù díẹ̀ kó ṣubú ní òdìkejì. Màdáàmù jókòó. Silke náà jókòó! Ó na ọwọ́ sí àlókò!

Tántì gbá orí mú. "Ẹ gbà mí! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ odindi ẹja tán!"

"Ìyá Séraphin, ẹ̀yin náà ẹ wá jẹun," ni Ràmúlátù wí láàárín eyín.

"Á gba..." ni Tántì bẹ̀rẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ mọ́. "Ràmúlátù, orí ta lo fẹ́ kí n jókòó sí?"

Èmi ò dúró kí ẹnikẹ́ni pè mí. Mo gbé àpótí tèmi.