Ìbéèrè Orí Bẹ́ǹṣì

Mo kórìíra nọ́ọ̀sì yẹn. Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìdáríjì, mi ò sì tíì rí èyí tó kàn mí nínú wọn.

Mátẹ́níìtì ìlú ọkọ mi, tí kò jìnnà sí Ọyẹ́, ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ pé kò mọṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Bó bá ti fọwọ́ kan ikùn báyìí, á ti mọ ibi tí orí ọmọ wà. Ẹnu rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ó máa ń pariwo bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì.

Lọ́jọ́ ìyẹ̀wò, gbogbo aboyún á tò sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á jókòó sídìí tábìlì lọ́ọ̀ọ́kán, á máa ju ìbéèrè sí wa látibẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ, nítorí ọkọ mi wà ní Èkó níbi iṣẹ́ réluwéè. Ó jókòó tì mí, ó gbé orí sókè, torí ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ ilé rere lòun fẹ́ fún ọmọ òun.

"Ìwọ! Ṣé o ti bímọ rí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ dà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. Kí n tó wọlé ọkọ, mo ti lóyún rí. Ilé àbúrò ìyá mi ní Àsin ni wọ́n fi mí pamọ́ sí. Òkú ọmọ ni mo bí, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára mi títí mi ò fi rí iwájú mọ́. Ọkọ mi mọ̀. Mo ti sọ fún un kó tó fẹ́ mi, òun náà ló sì ní kí ìyá òun má gbọ́ ọ láéláé.

"Àkọ́kọ́ rèé, mà," ni mo wí.

Kí ni obìnrin náà rò pé mo máa sọ? Ta ní í tú àṣírí ara rẹ̀ síwájú ìyá ọkọ nítorí pé ẹni tó wọ aṣọ funfun pariwo mọ́ ọn? Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Ká ní ó pè mí wọ yàrá ni, kó ti ilẹ̀kùn, kó bi mí jẹ́jẹ́ bó ṣe ń yẹ ikùn mi wò, ǹ bá sọ ọ́, ì bá sì rán mi lọ sí ọsibítù ńlá kí ọjọ́ tó pé. Ó gba èsì mi bẹ́ẹ̀, ó ní kí n wá bí lọ́dọ̀ òun.

Mo bí níbẹ̀. Ọmọkùnrin ni, ó sì ké dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì dá.

"Ṣé o ò parọ́ fún mi?" ni nọ́ọ̀sì ń pariwo. Ìyá ọkọ mi dúró lórí mi, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Mo ní mi ò parọ́. Mo ń kú lọ, irọ́ ni mo ṣì ń pa, ìyẹn ni mi ò sì dárí rẹ̀ jì í.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti Ìkọ̀lé kó iṣu bọ̀ ló gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbẹ̀ wò mí, ó wo ìyá ọkọ mi, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé ọmọ lọ síbi tó móoru." Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu mi.

"Ìyàwó, ó ku èmi àti ìwọ. Ṣé ó ti ṣe ọ́ báyìí rí?"

Omijé bọ́ lójú mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò bi mí ta ló fún mi lóyún. Ó dìde, ó ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe, mo sì yè.

Nígbà tí a padà délé, nọ́ọ̀sì ìlú wa wá kí wa. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i láti ọsibítù nípa ohun tó ṣe mí, àti pé ó ti ṣe mí rí, kó lè mójú tó mi. Ìyá ọkọ mi tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi òrí pa á lára, ó ń kọrin fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń pè mí ní ìyá òun. Nọ́ọ̀sì kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o rí i bí o ṣe fẹ́ pa ara rẹ? Ká ní o sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dà nígbà tí o bí àkọ́kọ́ ni!"

Orin dá. "Àkọ́kọ́?" ni ìyá ọkọ mi wí. Ó bọ́ sí èdè ìlú wọn: "Nínú ulé yí?"

Ó rọra gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó nu òrí ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò pọn ọmọ náà rí.

Nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa.