Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìwé Àlàyé fún Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìròyìn Omi Òjò

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́, Ẹ̀njìníà Àjàgbé, ọ̀gá mi, wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Fúnmi, iṣẹ́ wo gan-an lo fẹ́ wá ṣe?"

"Ìwé àlàyé ni mo máa kọ, sà. Fún àwọn irinṣẹ́ tí ẹ̀rọ AI yín ń lò."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyẹn, ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ níwèé?"

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ni pé a máa ń ṣírò ibi tí omi òjò máa gbà kí wọ́n tó la gọ́tà, tàbí kí wọ́n tó ri kọ́fáàtì, ìyẹn páìpù ńlá tó ń gba abẹ́ títì kọjá. A ó ya àdúgbò sórí kọ̀ǹpútà, a ó rọ òjò àfarawé lé e lórí, kọ̀ǹpútà á sì tú ìròyìn jáde nípa gọ́tà tó kún àkúnya àti èyí tí kò kún. Ìròyìn náà máa ń gùn, á sì gbẹ bíi pánla. Kíkà rẹ̀ sú ọ̀gá, ló bá gbé e fún ẹ̀rọ AI. Ẹ̀rọ yìí ní àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tó máa ń rán lọ wo inú ìròyìn wá fún un. Ohun tí a bá kọ nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí n tó dé, ẹ̀rọ mìíràn ni ọ̀gá ní kó kọ àwọn àlàyé náà. Mo ka ọ̀kan: "Irinṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ yìí ń mú ìròyìn àkúnya omi wá lọ́nà tó yára, tó péye, tó sì dùn mọ́ni." Àkúnya omi wo ló ń dùn mọ́ni? Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n pè ní àlàyé. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí irinṣẹ́ náà kò bá rí nǹkan kan mú bọ̀. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, ó ní wàhálà mi ti pọ̀ jù.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn onílé fẹ́ ri kọ́fáàtì sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Ọmọ àdúgbò yẹn ni mí. Bí òjò bá ti dá, ẹ̀yìn ni màmá mi máa ń pọ̀n mí sí kó tó lè gbé mi sọdá ibẹ̀. Ẹ̀rọ AI ní tirẹ̀ kọ̀wé pé: "Omi kò kún àkúnya níbì kankan. Kọ́fáàtì kékeré ti tó." Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí a ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àwọn onílé ṣèpàdé, mo ṣí ìròyìn náà gan-an nínú mọ́tò. Ìṣirò ti já láàárín. Kò tilẹ̀ dé ibi tí yóò ti dárúkọ gọ́tà tó kún. Irinṣẹ́ lọ síbẹ̀, kò bá nǹkan kan, ó padà lọ́wọ́ òfo, ẹ̀rọ sì sọ ọwọ́ òfo náà di ìròyìn ayọ̀.

"Sà, ìṣirò yìí kò parí o."

"Ẹ̀rọ ti kà á. Ṣé o gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ ni?"

"Ẹ kúkú wò ó fúnra yín, sà."

"Mò ń wakọ̀."

Lóòótọ́ ló ń wakọ̀. A dúró jẹun lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, síbẹ̀ kò wò ó.

Gbọ̀ngàn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ni ìpàdé ti wáyé. Ọ̀gá fọ́nnu títí. Díákónì Oyèníyì, alága àwọn onílé, wá bi í pé, "Ẹ̀njìníà, omi tó ń wọ kíláàsì àwọn ọmọ wa ńkọ́? Níbo ló ń gbà wá?"

"Baba, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ṣiṣẹ́ yìí. Fúnmi ló ń kọ̀wé fún un. Ẹ jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀."

Ìyìn ló ń retí. Mo dìde. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ yẹn.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ri kọ́fáàtì kankan. Ìṣirò náà kò parí. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan kà, ló ṣe ní kò sí nǹkan kan."

Gbogbo gbọ̀ngàn dàrú. Díákónì yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ojú gbogbo èèyàn ni ọ̀gá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka ìròyìn tirẹ̀. Òógùn bò ó. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i, sà."

A wakọ̀ padà dé ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ó ní, "O dójú tì mí."

"Ẹ má bínú, sà. Tí omi bá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Kọ ìwé rẹ bó o ṣe fẹ́."

Mo pa ìpolówó ọṣẹ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "Irinṣẹ́ yìí ń mú orúkọ gọ́tà tó kún àkúnya wá. Bó bá padà lọ́wọ́ òfo, má sọ pé omi kò kún. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ìṣirò parí. Bí kò bá parí, sọ pé o kò mọ̀." A tún ìṣirò Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe, omi sì kún bámúbámú lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà. Kọ́fáàtì ńlá ni wọ́n rì síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ mìíràn dé láti Ìkòyí-Ilé, ìṣirò tún já láàárín. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: "Mi ò mọ̀. Ìṣirò yìí kò parí."

Ọ̀gá yọjú wò ó, ó fajú ro. "Irú ìdáhùn wo rèé?"

Látìgbà tí mo ti wà ní ọ́fíìsì yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó rí i tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan.