Ṣẹ́gun sọ pẹ̀rẹ̀gún bàbá mi di méjì-méjì

Ṣẹ́gun tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arámọkọ dójú tì mí láàárín ẹbí lónìí, àmọ́ kò tíì mọ irú ẹni tó fọwọ́ kàn.

Àwọn àgbà ẹbí pe èmi àti Àjàyí, ọmọ àbúrò bàbá mi, lórí ààlà oko kòkó wa. Bàbá mi ló gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà náà. Àjàyí ti hú u. Àwọn fọ́tò rẹ̀ tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tí Ṣẹ́gun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi kó àwọn fọ́tò náà sí. Gbogbo fọ́tò igi náà jáde ní méjì-méjì!

Àjàyí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé pẹ̀rẹ̀gún yín ń bí ìbejì ni? Àyédèrú lẹ kó wá."

Àwọn àgbà ní àwọn ò lè fi í dájọ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun lọ tààrà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Fọ́tò yín ti ń sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo tún da àwọn kan náà tó wà nínú fúláàṣì lé wọn lórí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dá ti íńtánẹ́ẹ̀tì dúró."

"O mọ̀, o ò ṣe é?"

"Mo kánjú ni, sà."

Ó dáa. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń ròyìn fún gbogbo oníbàárà. Ṣẹ́gun ń pa ẹ̀dà kejì àwọn fọ́tò náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi. Ní Sátidé, yóò jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà. Kó má baà sá, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ wà lápò mi.

Ìyàwó rẹ̀ ti wá bẹ̀ mí. N ò gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ dá sí i: ṣé kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà, àbí kó máa fẹsẹ̀ rìn?