Ìgbà Tí Ìyá Mi Fọ Ẹ́ńjìnnì

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìkì ní líísẹ̀ kan níbí ní Àjàṣẹ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya ẹ́ńjìnnì sójú pátákó: piísítọ̀n á lọ sókè, á wá sílẹ̀, epo á wọlé, iná á ṣẹ́, èéfín á jáde. Mo mọ̀ ọ́n yà débi pé mo lè kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì kí n sì mọ ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà. Ohun kan ṣoṣo tí n ò ṣe rí ni pé kí n fọwọ́ ara mi kan piísítọ̀n. N kì í sì í sọ ìyẹn fún èèyàn.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, bàṣé tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú ni, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa. Adìyẹ ń yé sẹ́yìn rẹ̀, ewúrẹ́ ìyá mi ń sùn lábẹ́ rẹ̀, èmi náà a sì máa jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, màá máa ka ìwé ìròyìn bí ẹni tó ń rin ìrìn àjò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká tà á fún àwọn onírin, mo máa ń sọ fún un pé ọkọ̀ náà ń sinmi ni.

Ọwọ́ ìyàwó mi ló gbé e kúrò lẹ́nu ìsinmi. Gààrí ni ìyàwó mi ń tà lọ́jà Wàǹdó. Avrankou ló ti ń rà á, zẹ̀míjàn ló sì fi ń kó o wálé: àpò méjì lẹ́yìn alùpùpù, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún, òun alára lókè gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àpò kan yẹ̀, alùpùpù dojú dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ níbi ọrùn ọwọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá àwọn ọmọ, n ò gun zém mọ́ láyé mi. Kódà kó jẹ́ Mẹ́kà ló ń lọ, n ò gùn ún."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Láìsí zém, kò sí gààrí. Ọkọ̀ tí àwọn onígààrí yòókù jọ ń háyà ti kún, kò sáyè fún ẹlòmíì. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn lọ́jà wá ránṣẹ́ pé àyè ìyàwó mi ti ṣófo jù, pé òun á dá a dúró dè é títí oṣù ààwẹ̀ á fi lé, pé bí oṣù bá ti lé, ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀. Àyè yẹn, ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kó tó kàn án. Kò sunkún nígbà tó já lulẹ̀ lórí alùpùpù. Ìgbà tí iṣẹ́ yẹn dé ló sunkún, ó sì sun ún débi pé n ò mọ ibi tí mo máa wò.

Mo dìde. Mo ní, "Màá tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe."

"Ta ló máa tún un ṣe?"

"Èmi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí dókítà fi pilátùrù dì, ó wo èmi náà, ó ní, "Ọlọ́run á ṣàánú wa." Oṣù ààwẹ̀ ku bí oṣù méjì.

Mẹkánò kan wà ní ìkángun òpópónà wa, ará Gùn, ọmọ tí mo kọ́ rí, tí mo sì fún ní òdo nínú físíìkì nígbà mélòó kan. Ó gbọ́, ó sì wá. "Pùrọ́fù, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Mo ní, "Ìwọ tí o ò lè sọ ìdí tí epo fi ń jó?"

"N ò lè sọ ọ́ lóòótọ́, Pùrọ́fù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣáná sí i, ó ń jó."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yá ṣéènì rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ. Ọmọ náà ní sùúrù ju èmi tí mo kọ́ ọ lọ. Ó bá mi so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò kó tó lọ.

Mo wọ búlúùsì funfun tí mo máa ń wọ̀ nínú láábù. Bẹ́ẹ̀ ni, funfun. Láàárín wákàtí kan, ó ti dúdú ju ìdí àjà lọ, ṣùgbọ́n n ò bọ́ ọ, torí mo ti sọ fún ìyàwó mi pé àìmọ́tótó ló ń ba iṣẹ́ àwọn mẹkánò jẹ́. Mo fa ẹ́ńjìnnì sókè, mo sọ̀ ọ́ sórí táyà, mo sì tú u. Àwọn òrùka piísítọ̀n ti jẹ tán, ọ̀kan ti kán sí méjì. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, bí ẹni pé ẹlòmíì ló jẹ́rìí sí ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí.

Mo tẹ́ ẹní ìyá mi kan sílẹ̀ nínú ọgbà, mo to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni apá mẹ́rin tó ń gbé piísítọ̀n. Apá kọ̀ọ̀kan ní ìdérí tirẹ̀, tó ń dì mọ́ ọ̀pá ńlá ìdí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbẹ́ apá àti ìdérí rẹ̀ pọ̀ ni. Ìdérí kejì ò lè jókòó sórí apá kẹta; bí èèyàn bá fipá dè é, ẹ́ńjìnnì á gan, ó parí. Mo fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo yà wọ́n sínú ìwé: ìdérí kejì, mo ní, òun ni etí rẹ̀ ṣá díẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí. Mo ṣàlàyé fún un bí ìgbà tí mo bá wà ní kíláàsì, òun náà sì yán bí ìgbà tó bá wà ní kíláàsì.

Àárín ìgbà yẹn ni àna ránṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá mi, ti rí ọkọ, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ wá mọ ilé wa ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá Àjàṣẹ́ á mọ ohun tí ìyẹn já sí. Bí àna bá ń bọ̀, wọn á fọ ilé, wọn á fọ ọgbà, wọn á fọ ìdí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò ní wò. Ojú tí àna bá fi wo ìkòkò wa, ìyá mi gbà pé òun náà ni wọn á fi wo ọmọ wa. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí. Síbẹ̀, mo wọ agbádá, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí ẹní, dúdú kirikiri.

Nígbà tí mo dé, ẹní ti kúrò. Ọgbà mọ́ tónítóní. Inú abọ́ tánńganran ńlá méjì, àwọn tí ìyá mi gbà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì wà. Ìyá mi ti fi ọṣẹ dúdú, eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Ó ti sá a sóòrùn. Ó ti fi àdín àgbọn pa á lára bí ọmọ tuntun. Ó sì ti tò ó bí wọ́n ṣe ń to abọ́: ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Kò sí nọ́ńbà kankan lára ohunkóhun.

"Wò ó, ọkọ mi," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn, "wọ́n á rò pé fàdákà ni."

N kò lè sọ pé n ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n. Mo figbe ta: "Ìyá, ẹ ti pa mí! Ẹ ti gba àyè ìyàwó mi lọ́wọ́ rẹ̀! Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Ìyá mi, ẹni àádọ́rin ọdún àti díẹ̀, ni mo sọ ìyẹn fún. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Àwọn àna ti wà lẹ́nu géètì, àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ṣáájú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọlé, èkejì ò tíì mọ̀ bóyá kóun náà wọlé. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Tòun ti agbádá funfun, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá mi, lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn àna rò pé bí a ṣe ń kíni nílé wa nìyẹn. Méjì nínú wọn dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n yin ọmọ wa, wọ́n lọ. Ìyá mi wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ṣé kò ṣeé tún ṣe mọ́ ni?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ohùn tí wọ́n fi ń túfọ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwọn ìdérí mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wò wọ́n lójú oòrùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí kan, ẹnì kan ti fi ìṣó lu àmì kan wínníwínní sí i. Òmíràn ní méjì, òmíràn mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin. Àwọn apá náà ní tiwọn. Ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì yìí nígbà ayé bàbá mi ló ṣe é, èéfín àti ọ̀rá sì ti bò ó láti ọjọ́ náà. Eérú ìyá mi ló ṣí i síta.

Mo kó ìwé mi jáde. Ìdérí tí etí rẹ̀ ṣá, tí mo kọ pé ó jẹ́ ìkejì, àmì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Èyí tí mo pè ní ìkẹta ní méjì. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí mò ń tú wọn, tẹlifóònù dún, mo kó méjèèjì sọ́wọ́ kan, mo lọ dáhùn. Èmi ni mo da wọ́n rú. Ká ní ìyá mi ò fọ ẹ́ńjìnnì yẹn ni, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni mo máa tò ó padà, ì bá sì gan mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, mo yí nọ́ńbà padà, mo sì pa ìwé dé. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ra òrùka tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin kan lọ́nà Sèmè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Ó gbà mí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ òsì bá mi mú nǹkan dání. Ìyá mi ò sún mọ́ ìdí máńgòrò mọ́. Tó bá fẹ́ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ, ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ, kó má baà fi aṣọ gbá nǹkan kan. Mo rí i. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣáná sí i, kò dáhùn. Mẹkánò wá, ó yí nǹkan kékeré kan sápá ọ̀tún. "Iná ń ṣẹ́ kí àsìkò rẹ̀ tó tó, Pùrọ́fù." Mo ní mo ti ń rò bẹ́ẹ̀. Mo tún ṣáná sí i. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì ké. Ewúrẹ́ fọ́n ká. Èéfín àkọ́kọ́ rùn àdín àgbọn bí orí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun. Ìyàwó mi fi ọwọ́ òsì bojú. Ìyá mi jáde síta, ó forí kanlẹ̀ nínú ọgbà, ó ní, "Alihamudulilahi! Ọlọ́run ò jẹ́ kí n bà á jẹ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́."

Mo sì dá a lóhùn, èmi àgbà olùkọ́, "Ó ti tán, Ìyá. Mo ti dárí jì yín."

Ọjọ́ kejì ni ọjà Avrankou, oṣù ààwẹ̀ ò sì kù ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ mọ́. Mo ti rọ epo sí ọkọ̀, mo ti jókòó sídìí rẹ̀, ó ń dún. Ìyàwó mi dúró sílẹ̀, kò wọlé.

"Wọlé, ọjà á tú."

"Ẹ lọ sọ fún Ìyá."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Mo jókòó tì yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ wo irin, ẹ wo ìwé, ẹ dákẹ́. Ogún ọdún tí mo ti fẹ́ yín, n ò rí i kí ẹ dákẹ́ nídìí ohun tí ẹ lè ṣàlàyé. Mo lọ wo ìwé náà."

Mo ní ká lọ ná, ká bọ̀, màá sọ ọ́. Mo rán an létí àyè ìyá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Omi ti lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. "Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, Bàbá àwọn ọmọ. Gààrí tèmi ò ní bá a lọ."

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi wà lórí awọ ìrun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: tẹlifóònù, àmì, ìwé. Ojú tì mí ju ti ọjọ́ Jímọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àna kankan níbẹ̀.

Ìyá mi wá ní, "Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni mo gbà nítorí ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe." Ó ka ẹyọ tẹ̀sùbáà kan. "Dìde. Ìyàwó rẹ ń dúró."

Ìyàwó mi kó àpò mẹ́jọ dé Wàǹdó lọ́jọ́ yẹn, ó sì jókòó sí àyè ìyá rẹ̀ kí oṣù tó lé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ lójú ọ̀nà láàárọ̀ yẹn, ó bi mí pé kí ni Ìyá wí. Mo sọ fún un.

"Ọjọ́ méje wo nìyẹn?"

Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń to piísítọ̀n ni. Lọ́sàn-án, ìyá mi á gbé àwo tirẹ̀ sórí àpótí lọ́ọ̀ọ́kán, á ní inú òun ò gba oúnjẹ lónìí, kí n jẹ ẹ́, iṣẹ́ irin ń gba agbára. Lójoojúmọ́ ni mò ń jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ránṣẹ́ sí i pé ẹja rẹ̀ kéré.